Ní Ti Pípààrọ̀ Wáyà Iná Ilé, Àti Bí Iṣẹ́ Náà Ti Yẹ Kí Ó Mọ́ Tó

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó wà ní àwọn ìlú wa tí a ti fa wáyà iná mànàmáná sí láti ayé àwọn bàbá wa. A fa ti àwọn kan ní ìgbà tí ECN ń ṣe àkóso iná ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ọdún 1951 títí di ọdún 1972. A fa ti àwọn mìíràn ní ìgbà NEPA, tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ECN ní ọdún 1972 yìí kan náà. Láti ìgbà náà wá a ti kun ilé lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, a ti ṣí páànù ògbólógbòó kúrò lórí rẹ̀, a ti fi fèrèsé onígíláàsì rọ́pò ti onípákó, ṣùgbọ́n wáyà tí ó wà lókè àjà kò tíì rí ẹni bẹ̀ ẹ́ wò. Àlejò kì í gun àjà. Nítorí náà ni onílé pẹ̀lú kì í fi í náwó síbẹ̀.

Wáyà a sì máa gbó bí okùn ti ń gbó. Ní ayé àtijọ́, rọ́bà ni a fi ń bo bàbà inú rẹ̀, a ó sì tún fi aṣọ tàbí òjé bo rọ́bà náà lóde. Ẹni tí ó bá ti gun òkè àjà rí ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà mọ irú ooru tí ń bẹ lábẹ́ páànù. Ooru yìí a máa gbẹ rọ́bà, a máa mú kí ó le, kí ó sì là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí tí yóò fi di pé bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò rún sílẹ̀ bí àkàrà tí ó ti gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi ọwọ́ kàn án, ó lè dà bí ẹni pé kò sí ewu; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ológbò bá lé eku gba ibẹ̀ kọjá, tàbí tí a bá rán káfíńtà lọ tún igi àjà ṣe, bàbà méjì tí ó wà ní ìhòòhò yóò fara kanra. Wáyà oníke tí ó wá lẹ́yìn ti rọ́bà sàn jù ú lọ púpọ̀, síbẹ̀ òun pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀: ike tí ó wọ́pọ̀ lára wáyà ilé kò fẹ́ kí bàbà inú rẹ̀ gbóná ju 70 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígírédì.

Àwọn àmì wà tí onílé lè fi mọ̀ pé àkókò ti tó. Bí súìṣì bá ń gbóná lábẹ́ ìka. Bí àmì pupa rúsúrúsú bá yọ lára họ́dà gílóòbù. Bí iná bá ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ti àwọn aládùúgbò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí fíúsì bá ń já ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nìkan. Bí òórùn kan tí ó fara jọ ti ẹja bá ń jáde láti inú ògiri ní ilé tí a kò ti se ẹja: kí ó pa iná ní ojú mítà, kí ó sì lọ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Òórùn ẹja yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ. Ike ara súìṣì àti ti wáyà ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná jù.

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí kì í ṣe pé kí olúkúlùkù àgbẹ̀ lè di oníṣẹ́ iná. Iṣẹ́ tí a ń fi ọdún púpọ̀ kọ́ ni, àṣìṣe ẹyọ kan nínú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n onílé ni yóò sanwó, òun ni yóò sì sùn sínú ilé náà nígbà tí oníṣẹ́ bá ti gba owó rẹ̀ lọ. Nítorí náà ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ tí ó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí a fi ìkánjú ṣe, kí ó sì lè wò ó kí a tó fi àjà bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé, "Bí iná bá ṣáà ti tàn, iṣẹ́ ti parí." Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu púpọ̀. Iṣẹ́ burúkú pàápàá a máa tan iná. Kódà ó lè tàn án fún ọdún mẹ́wàá. Ibi tí a ti so wáyà pọ̀ ni àṣírí wà. Bí ìsopọ̀ náà bá le dáadáa, iná yóò gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Bí ó bá dẹ̀, iná yóò máa fi agbára gba ibi tóóró kọjá, ibẹ̀ yóò sì máa gbóná. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní ìsopọ̀ kan dẹ̀ débi pé ìdíwọ́ rẹ̀ tó óòmù kan. Bí gílóòbù mẹ́wàá onírúurú 60 wáàtì bá ń ti ibẹ̀ gba iná, iye tí yóò máa kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 2.6, ooru tí yóò sì jáde níbẹ̀ yóò tó wáàtì 6.8. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fi áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì sí ojú iná yìí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣe, iná tí ń kọjá yóò di áńpíà 4.3, ooru yóò sì di nǹkan bíi wáàtì 19, nítorí pé bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Wáàtì 19 lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń jáde kò tóbi ju hóró àgbàdo méjì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú irin tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé kò ju wáàtì 25 sí 40 lọ. Ẹ̀yin náà ẹ fi irú irin bẹ́ẹ̀ sí àárín ekuru, ìtẹ́ eku àti igi gbígbẹ tí ó wà lókè àjà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní òru.

Ohun tí ó tún burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé fíúsì kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Iye iná tí ń kọjá ni fíúsì ń ṣọ́. Ìsopọ̀ tí ó dẹ̀ kò fi kún iye iná rárá, ó tilẹ̀ ń dín in kù díẹ̀. Nítorí náà fíúsì yóò jókòó jẹ́jẹ́, ilé yóò sì jó. Kò sí ohun tí ó wà láàárín onílé àti iná yìí bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tí ó de ìdè náà.

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ pa iná. Ní ayé ìgbà kan, ó tó bí a bá ti yọ fíúsì kúrò ní ojú mítà tí a sì fi í sínú àpò ṣòkòtò wa, kí ẹlòmíràn má ba à dá a padà. Lónìí kò tó mọ́. Ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ti ra ìńfátà àti bátìrì tí oòrùn ń bọ́. Ìńfátà ni kí a bẹ̀rù jù, nítorí pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí iná ìta bá ti lọ, òun fúnra rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ ṣe lójú ẹsẹ̀. Oníṣẹ́ tí ó pa iná ní ojú mítà tí ó sì gun àkàsọ̀ lọ ti pe ìńfátà sí iṣẹ́ láìmọ̀. Kí a pa gbogbo wọn, kí á sì ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n wà bí ó bá ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn èyí kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ti lọ lóòótọ́. Tẹ́sítà kékeré tí ó dà bí síkírúdiráfà, tí ó ní iná pupa nínú, wà ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ni. Bí ẹni tí ó dì í mú bá dúró lórí pákó gbígbẹ, ó lè má tàn nígbà tí iná wà; bí wáyà tí kò ní iná bá sì sún mọ́ èyí tí ó ní, ó lè tàn. Èyí tí ó ní ẹnu méjì ni ó dára, tí a ń fi ẹnu kan kan láìfù tí a sì ń fi èkejì kan níútírà. Kí a kọ́kọ́ fi í wo ibi tí a mọ̀ dájú pé iná wà, kí a wá wo ibi tí a fẹ́ ṣiṣẹ́, kí a sì tún padà lọ wo ibi ìṣáájú, kí a lè mọ̀ pé kò kú láàárín ìgbà náà.

Wàyí o, ní ti ọ̀nà tí wáyà ń gbà. Ọ̀nà méjì péré ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà lára ògiri, kí ó lọ sókè sódò ní tààrà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní tààrà, láti ibi súìṣì tàbí ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò gbọ́dọ̀ gba ìdábùú kọjá bí ẹni tí ń wá ọ̀nà àbùjá gba oko ẹlòmíràn. Nínú ilé tí a ti ri wáyà mọ́ inú ògiri, ẹni tí yóò kan ìṣó lọ́la kò lè rí i. Súìṣì tí ó ń wò lójú nìkan ni ó lè júwe rẹ̀ fún un. Àlmánáàkì yìí pàápàá, ìṣó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yóò fi kọ́ ọ. Bí wáyà bá lọ tààrà, olúwarẹ̀ yóò mọ̀ pé kí òun má ṣe kan ìṣó ní òkè súìṣì gan-an tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan náà. Bí ó bá gba ìdábùú, kò sí ibi tí ìṣó kò lè bá a.

Nínú àwọn ilé wa tí a fi amọ̀ mọ, orí ògiri ni wáyà sábà máa ń wà, lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà yìí kò burú rárá. Ó tilẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò ju èyí tí a rì mọ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìṣó kékeré kì í di amọ̀ mú pẹ́. Àárín oṣù díẹ̀ ni pákó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò, wáyà ni yóò sì wá máa gbé pákó dípò kí pákó máa gbé wáyà. Kí a gbẹ́ ihò sínú ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ara wọn, kí a ki èèkàn igi tí ó le sínú rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí a tó fi síkírúù de pákó mọ́ ọn. Kí a fi oògùn ikán pa pákó náà kí a tó gbé e sí i. Kí a ta okùn ẹfun sára ògiri gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti ń ṣe. Ojú nìkan kò tó, nítorí ògiri amọ̀ kì í sábà gún, ó sì lè tan ojú jẹ. Kílíìpù tí ń di wáyà pẹlẹbẹ mú kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ara wọn ju nǹkan bí ínǹṣì 10 lọ níbi tí wáyà bá nà gbalaja, tàbí ínǹṣì 16 níbi tí ó bá dúró ṣánṣán. Ní ibi kọ́rọ́, kí wáyà yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a má ṣe kán an bí ẹni kán igi, nítorí pé ike ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fà títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́.

Lókè àjà, kí wáyà jìnnà sí páànù, kí ó má ṣe nà lé orí àjà lásán níbi tí ẹsẹ̀ yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ igi àjà ni kí ó tọ̀. Níbi tí eku bá pọ̀, kí a fi í sínú páìpù, nítorí pé eyín eku kò mọ ike yàtọ̀ sí èèpo ẹ̀gẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni ẹnu wáyà, níbi tí ó ti ń wọ súìṣì, họ́dà, tàbí róòsì tí ó wà lára àjà. Ẹ̀sọ̀ ni iṣẹ́ níbẹ̀; ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èèpo òde wáyà gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí kí a tó bó o. Kò gbọ́dọ̀ sí ibì kan ní ìta tí àwọn wáyà inú ti ń yọjú láìsí aṣọ òde wọn. Kí a fi ínǹṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nínú àpótí, kí a sì ká a dáadáa, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀la lè rí nǹkan dì mú. Oníṣẹ́ ahun tí ó gé e kúrú ti fi ìyà sílẹ̀ de ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí a bá ń bó ike kúrò lára bàbà, kí ọ̀bẹ má ṣe ge bàbà náà yíká. Ibi tí a bá ti gé lára ni yóò ti dá lọ́jọ́ kan. Kí ìwọ̀n tí a bó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tí yóò wọ̀. Bí a bá bó o jù, bàbà yóò hàn lóde. Bí kò bá tó, síkírúù yóò máa tẹ ike dípò bàbà, yóò sì dà bí ẹni pé ó ti le. Wáyà tín-ín-rín kan ṣoṣo nínú ihò ńlá, kí a ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí síkírúù lè rí i mú. Lẹ́yìn tí a bá ti dè é, kí a fi ọwọ́ fà á gidi. Èyí tí ó bá yọ, ó sàn kí ó yọ lójú wa.

Ní ti ìsopọ̀ tí a fi ọwọ́ lọ́ pọ̀ tí a sì fi téèpù dúdú wé lókè àjà, èrò tèmi ni pé kí onílé kọ̀ ọ́ pátápátá, àní bí oníṣẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ìbátan rẹ̀. Lẹ̀ẹ̀ ara téèpù a máa yọ́ nínú ooru àjà, téèpù yóò tú, ìlọ́pọ̀ yóò dẹ̀, èyí tí a sì ṣírò lókè yìí ni yóò tẹ̀ lé e. Inú àpótí tí ó ní ìdérí ni gbogbo ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú kònékítọ̀ onísíkírúù, ní ibi tí ènìyàn lè dé.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ nípa súìṣì. Iná kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá rí ọ̀nà lọ tí ó sì rí ọ̀nà bọ̀. Wáyà tí ó ń gbé e lọ ni a ń pè ní láìfù, èyí tí ó ń gbé e padà ni níútírà. Agbára tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ní ilẹ̀ wa jẹ́ 230 fóòtì. Ojú láìfù ni súìṣì gbọ́dọ̀ máa já, kì í ṣe ojú níútírà. Bí a bá fi súìṣì sí níútírà, gílóòbù yóò tàn bí a bá ṣí i, yóò sì kú bí a bá pa á, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Ṣùgbọ́n bí ó ti kú náà, láìfù ṣì wà nínú họ́dà. Ìyá tí ó pa súìṣì, tí ó gun àga lọ láti pààrọ̀ gílóòbù, ni yóò bá a pàdé níbẹ̀, ìṣubú láti orí àga yóò sì tún kún ìyà ti iná. Bí gílóòbù òde òní, irú èyí tí kì í gbóná púpọ̀, bá ń tàn bàìbàì lóru lẹ́yìn tí a ti pa á, kí a yẹ súìṣì rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé iná kékeré inú súìṣì ni ó fà á, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ èyí tí a wí yìí.

Àwọ̀ wáyà pẹ̀lú a máa tan ènìyàn jẹ. Pupa ni láìfù, dúdú ni níútírà, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ojú iná mẹ́ta bá sì wọ ilé, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2004 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà, tí àtijọ́ sì kásẹ̀ nílẹ̀ nínú iṣẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wọn ní ọdún 2006. Àwọ̀ ilẹ̀ di ti láìfù, búlúù di ti níútírà, dúdú sì di ọ̀kan nínú ojú iná mẹ́ta. Irú wáyà méjèèjì ni a lè rí ní ọjà wa. Ẹ ronú sí i: búlúù tí ó jẹ́ láìfù nínú ilé àtijọ́ jẹ́ níútírà nínú wáyà tuntun, dúdú tí ó jẹ́ níútírà lánàá sì lè jẹ́ láìfù lónìí. Níbi tí tuntun bá ti pàdé àtijọ́, kí a má ṣe gba àwọ̀ gbọ́. Kí a fi ẹ̀rọ wò ó, kí a sì kọ ọ́ sí ara bébà tí a lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pé àwọ̀ méjì ni ó wà nínú ilé yìí.

Bákan náà ni wáyà tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí súìṣì. Oníméjì ni ó sábà máa ń jẹ́, ọ̀kan pupa, èkejì dúdú. Ṣùgbọ́n kò sí níútírà nínú wọn: pupa gbé iná wá sí súìṣì, dúdú sì gbé e padà lọ sí gílóòbù. Láìfù ni dúdú yìí nígbà tí a bá ṣí iná. Oníṣẹ́ tí ó mọ́ yóò fi ike pupa kékeré bọ ọ́ ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ní ìsàlẹ̀ àti lókè. Ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni, ìṣẹ́jú kan ni yóò sì gbà. Nínú gbogbo ilé tí mo bá wọ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ wáyà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣí wò nìyí, nítorí pé ẹni tí kò gbàgbé rẹ̀ kì í sábà gbàgbé àwọn ìyókù.

Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ewu mìíràn wà ní ibi àtẹ̀gùn. Gílóòbù àtẹ̀gùn ní súìṣì méjì, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Oníṣẹ́ tí ó fẹ́ dá wáyà sí yóò gba láìfù lára iná ìsàlẹ̀, nígbà tí ó bá sì dé òkè yóò fi níútírà rẹ̀ mọ́ ti iná òkè. Yóò tàn dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn yóò wá ṣiṣẹ́ lókè, yóò yọ fíúsì iná òkè, yóò fi tẹ́sítà wò ó, kò ní rí iná, yóò sì tú níútírà òkè sílẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni ọmọ kan ní ìsàlẹ̀ yóò ṣí iná àtẹ̀gùn. Iná yóò ti ìsàlẹ̀ wá, yóò gba inú gílóòbù kọjá, yóò sì dé ẹnu níútírà tí ó wà ní ọwọ́ ọkùnrin náà, ẹni tí ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Fíúsì tí láìfù bá ti wá ni níútírà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá padà.

Ní ti ìwọ̀n wáyà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí a ń pè ní 1.5 ni ó tọ́ fún iná títàn, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí bírékà iná títàn jẹ́ áńpíà 6, tàbí 10 bí ilé bá tóbi. Wáyà ni bírékà ń dáàbò bò. Nítorí náà bí ó bá ń já, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a má ṣe lọ ra 20 wá fi sí i, kí a má sì ṣe fi wáyà lásán dí ojú fíúsì. Kí wáyà kẹta, èyí tí ó lọ sí ilẹ̀, dé gbogbo súìṣì àti gbogbo họ́dà, bí ohun tí ó wà níbẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ike lónìí, nítorí pé ẹlòmíràn lè gbé ti irin kọ́ síbẹ̀ lọ́la. Bírékà kan sì wà tí ń wọn iye iná tí ó jáde àti iye tí ó padà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti tó mìlíáńpíà 30, yóò já iná kíákíá. Kí ẹni tí ó bá ní agbára rà á. Ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ iná tí ń gba ara kọjá lọ sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohunkóhun nípa ìdè tí ó dẹ̀.

Kí a tó dá àjà padà, kí onílé béèrè fún àyẹ̀wò mẹ́ta. Èkíní, kí a rí i pé wáyà ilẹ̀ kò já níbì kankan láti mítà títí dé họ́dà tí ó jìnnà jù. Èkejì, kí a rí i pé láìfù ni gbogbo súìṣì ń já. Ẹ̀kẹta, kí a yọ gbogbo gílóòbù kúrò, kí a sì fi ẹ̀rọ tí ń ta 500 fóòtì wo ike ara wáyà. Ìdíwọ́ tí ó wà láàárín láìfù àti níútírà, àti láàárín wọn àti ilẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín sí óòmù mílíọ̀nù kan, ti wáyà tuntun a sì máa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gidigidi. Bí oníṣẹ́ bá wí pé òun kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó lọ yá a.

Lẹ́yìn náà, kí ó kọ orúkọ yàrá tí bírékà kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì tí kì í tètè ṣá, kí ó sì ya àwòrán ilé sórí bébà kan, kí ó fi ìlà hàn ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà àti ibi tí àpótí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Kí onílé dà á kọ sí méjì: kí ó lẹ ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àpótí bírékà, kí ó sì fi èkejì pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ rẹ̀.